Èdè Ítálì Tí Ràúdátù Fi Ìbínú Kọ́

Ẹ̀wù funfun ni ọkùnrin náà wọ̀. Wọ́n lọ̀ ọ́ débi pé etí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gé èèyàn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n òógùn ti mú ẹ̀yìn rẹ̀ rin gbindin. Ó dúró ti obìnrin òyìnbó kan lábẹ́ àtíbàbà nínú ọgbà ilé ìwòsàn kékeré kan ní Pobè, ó gbé máíkì sẹ́nu, ó le ojú koko. Ohun tí Ràúdátù kọ́kọ́ rò nípa rẹ̀ ni pé ó dára lọ́kùnrin. Ohun kejì tó rò, kí ìṣẹ́jú kan tó pé, ni pé ó yẹ kí ẹnì kan gbá a lẹ́nu.

"Ẹ̀yin ará," ni ọkùnrin náà ń wí, "Sinyora ní kí n sọ fún yín pé ọwọ́ ara yín lẹ fi ń pa ara yín. Ìdọ̀tí lẹ̀ ń jẹ. Ẹ̀ ń da epo sínú ọbẹ̀ bí omi, ẹ̀ ń bu iyọ̀, ẹ̀ ń ju kúbù amọ́bẹ̀dùn lé e lórí, ẹ wá ń pè é ní oúnjẹ. Májèlé ni. Ẹni tó ń tà á fún yín, apànìyàn ni."

Obìnrin òyìnbó náà, Sinyora Ornella, ará Ítálì ni. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ló máa ń wá sọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ tó ń ṣe ara lóore, tí wọ́n á sì gba ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn wò. Kò gbọ́ Yorùbá rárá. Bó bá ti sọ tirẹ̀ tán, Valentin, ọkùnrin aláṣọ funfun yìí, á sọ ọ́ fún àwọn tó jókòó. Ẹ̀rín ni Sinyora ń rín bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ẹ̀rín yẹn ló sì túbọ̀ bí Ràúdátù nínú. Kí èèyàn máa búni, kó tún máa rẹ́rìn-ín síni.

Ó wo bàbá rẹ̀. Àlájì Ọ̀ṣẹ́nì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí bẹ́ńṣì, ó fi ìbọ̀sẹ̀ bo egbò tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ogójì ọdún ló ti ń ta epo pupa ní Sakété, epo tí àwọn èèyàn ń tọ́jú de ìkómọ àti ìgbéyàwó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Ràúdátù fi bẹ̀ ẹ́ kó tó gbà láti wá. Láti ìgbà ọyẹ́ ni egbò náà ti kọ̀, tí kò jinná, bàbá sì ń mu omi bí ẹni tí òùngbẹ kì í kúrò lọ́fun rẹ̀.

Àlájì dìde. Kò pariwo.

"Ràúdátù, ká máa lọ."

"Bàbá, wọn ò tíì gba ẹ̀jẹ̀ yín."

"Ẹ̀jẹ̀ apànìyàn ni wọ́n fẹ́ gbà? Èmi tí mò ń ta májèlé láti ogójì ọdún? Dìde."

Nínú takisí tó gbé wọn padà sí Sakété, Àlájì búra pé ẹsẹ̀ òun kò ní tẹ ilé ìwòsàn yẹn mọ́, kò sì ní tẹ òmíràn. Ẹsẹ̀ ọ̀hún gan-an ni egbò wà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, Ràúdátù gbé epo lọ fún àwọn oníbàárà wọn ní Pobè. Nígbà tó ṣe tán, ó gun zẹ́mìjàn, alùpùpù akérò, ó ní kó gbé òun lọ sí Igana, níbi tí wọ́n ní Valentin ní oko ẹ̀fọ́ sí. Ó bá a níbi tó ti ń bomi rin ẹ̀fọ́ gbòmán, tó ká ṣòkòtò dé orúnkún.

"Ìwọ ni ẹnu òyìnbó," Ràúdátù wí. Kò kí i.

"Ẹ káàsán o. Valentin lorúkọ mi."

"Mi ò béèrè orúkọ ẹ. Bàbá mi ni Àlájì Ọ̀ṣẹ́nì, elépo Sakété. Ẹ pè é ní apànìyàn lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ó dìde, ó sì gbé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún lọ sílé."

Valentin gbé ike omi sílẹ̀. Ó ya ẹnu bí ẹni fẹ́ sọ nǹkan, ó tún pa á dé. "Ògbufọ̀ ni mí," ló sọ níkẹyìn.

"Ó dáa. Kọ́ mi lédè ọ̀hún. Nígbà tí obìnrin yẹn bá padà wá, ẹnu ara mi ni màá fi dá a lóhùn. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi fi oyin sí i."

Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí Valentin sọ nígbà yẹn. Kò sọ ọ́. Ó wo obìnrin tó dúró níwájú rẹ̀, tí epo ta sí etí ìró rẹ̀, tí ìbínú ń gbọ̀n létè, ó sì rí i pé òun fẹ́ kó tún padà wá.

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì," ló wí. "Ẹ máa mú ìwé lọ́wọ́."

Ọdún mẹ́fà ni Valentin fi ṣiṣẹ́ nínú ilé ìdáná ilé ìwòsàn kan ní Brescia, ní Ítálì. Abọ́ ló kọ́kọ́ ń fọ̀ kí wọ́n tó gbé e síbi tí wọ́n ti ń bu oúnjẹ fún àwọn aláìsàn. Nítorí náà, Ítálì tó gbọ́ kì í ṣe ti ilé ẹ̀kọ́. Ti ìkòkò àti àwo ni. Poco sale, iyọ̀ níwọ̀nba. Senza zucchero, láìsí ṣúgà. Molta acqua, omi púpọ̀. Fa bene, ó dára fún ara. Fa male, ó ń pa ara lára. Àárín ẹ̀fọ́ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, Ràúdátù lórí agolo tí wọ́n dojú ẹ̀ dé, Valentin pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́.

"Verdure," ni Valentin á wí, á sì gbé ewé gbòmán kan sókè.

"Verdure," ni Ràúdátù á jágbe mọ́ ewé náà.

"Àlájà kékeré, ẹ̀fọ́ ni o, kì í ṣe olè. Ẹ rọra pè é."

"Má pè mí ní Àlájà. Mi ò tíì dé Mẹ́kà."

"Pẹ̀lú ìbínú tẹ́ ẹ gbé sára yìí, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Ràúdátù. Ó gbé e mì. Kò wá sí Igana wá rẹ́rìn-ín.

Àmọ́ ó ń bọ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ Ẹtì, kò yẹ̀. Ìbéèrè kan ni Valentin fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nígbà gbogbo: Che cosa hai mangiato oggi? Kí lo jẹ lónìí? Ní oṣù kìíní, bí ọmọ ilé ìwé ni Ràúdátù ṣe ń dáhùn: fagioli, ẹ̀wà, pesce, ẹja. Ní oṣù kejì, ó dé lọ́jọ́ kan, ojú rẹ̀ pọ́n. Valentin béèrè, ó ní, "Niente." Kò jẹ nǹkan kan. Bàbá rẹ̀ ti ń tiro. Egbò náà ti ń rùn, bàbá sì ń gbé abọ́ gàrí àti ṣúgà síwájú ara rẹ̀ bí ẹni ń bá ẹnì kan jà.

"Ẹ bẹ̀ ẹ́, kó jẹ́ kí wọ́n wo ẹsẹ̀ náà níbòmíràn," Valentin wí. Ohùn rẹ̀ yí padà.

"Mo ti bẹ̀ ẹ́. Ó ní ibi yòówù tó bá lọ, ìdọ̀tí ni wọ́n á ní òun ń jẹ. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń jẹ ẹ́, kì í ṣe egbò."

Valentin jókòó sórí ilẹ̀, nínú ẹrẹ̀. Ó sọ fún un nípa bàbá tirẹ̀, tó kú ní Igana nígbà tó wà ní Brescia. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò pè é bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ayé ló ṣe é. Wọ́n ń fún un ní ọbẹ̀ oníyọ̀ títí ẹnu rẹ̀ fi wọ́, tí apá rẹ̀ rọ, àwọn tó wá kí i sì ń rẹ́rìn-ín pé Bàbá ṣì ń jẹun dáadáa. Ọmọ rẹ̀ sì wà lọ́nà jíjìn, ó ń bu oúnjẹ aláìníyọ̀ fún àwọn bàbá tí kò mọ̀ rí.

Ràúdátù na ọwọ́, ó nu ẹrẹ̀ kúrò ní èjìká rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó fọwọ́ kàn án. Àwọn méjèèjì mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, "ẹ" tí Valentin fi ń bá a sọ̀rọ̀ di "o". Nílé ní Sakété, Ràúdátù ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìn ilé, ó ń tún àwọn ọ̀rọ̀ Ítálì náà sọ lẹ́nu, ọ̀kọ̀ọ̀kan, fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ọjọ́ tó béèrè bí wọ́n ṣe ń pe ìdọ̀tí lédè Ítálì, Valentin wo ilẹ̀ kó tó dáhùn. Sporcizia ni. Ràúdátù kọ ọ́ sínú ìwé, ó sì fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin kí Sinyora dé, Valentin ní, "Ràúdátù, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ọ̀rọ̀ mìíràn sì tún wà tí mo fẹ́ sọ."

"Jẹ́ kí n bá obìnrin yẹn jà tán ná," Ràúdátù dáhùn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti tàn. "Ọ̀rọ̀ tó bá kù, ká sọ ọ́ lẹ́yìn ìjà."

Valentin tún pa ẹnu rẹ̀ dé. Ìgbà kejì nìyẹn.

Ọjọ́ náà pé. Àtíbàbà kan náà, bẹ́ńṣì kan náà. Kí Sinyora Ornella tó bẹ̀rẹ̀, Ràúdátù ti dìde dúró.

"Signora," ló wí, "il nostro cibo non è sporcizia." Oúnjẹ wa kì í ṣe ìdọ̀tí. Ó ní ẹ̀fọ́ là ń jẹ, ẹ̀wà là ń jẹ, ẹja là ń jẹ. Ó ní epo tí bàbá òun ń tà, epo gidi ni. Ó wá sọ èyí tó fi oṣù mẹ́ta kọ́: "Lei ha offeso mio padre." Ẹ bú bàbá mi.

Ojú Sinyora pọ́n wẹ̀. Ó wo Ràúdátù, ó wo àwọn èèyàn, ó fi ọwọ́ kan àyà ara rẹ̀. "Sporcizia? Io?" Ìdọ̀tí? Èmi? Ó rọra ń sọ̀rọ̀, bí ẹni ń bu omi fún ọmọdé, kí Ràúdátù lè gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní òun sọ pé oúnjẹ wọn dára, pé irú ewé tí wọ́n ń jẹ ní Pobè yìí, òun ì bá gbé e lọ sílé. Ó ní kí wọ́n kàn dín iyọ̀ kù, kí wọ́n má sun epo títí tó fi máa rú èéfín. Nípa àwọn tó ń ta epo, ó ní òun ò sọ nǹkan kan.

Ràúdátù gbọ́ ọ yé. Ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn, ó yé e dáadáa, ẹni tó kọ́ ọ kọ́ ọ re. Ó yíjú sí Valentin. Valentin ń wo ilẹ̀.

"Ta ló sọ ìdọ̀tí?"

"Èmi ni."

"Ta ló sọ apànìyàn?"

"Èmi ni, Ràúdátù."

Ó jáde lábẹ́ àtíbàbà. Valentin sáré tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà.

"Ọjọ́ náà ló pé ọdún mẹ́ta tí bàbá mi kú," ó ń sọ ọ́ kíákíá. "Mo rí àwọn bàbá lórí bẹ́ńṣì tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ Sinyora ṣẹ̀rín, bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín níwájú bàbá tèmi. Inú bí mi. Mo ní bó bá jẹ́ èmi ọmọ Igana ni mo sọ ọ́, wọn ò ní gbọ́. Bó bá jẹ́ òyìnbó, ẹ̀rù á bà wọ́n."

"Ẹ̀rù ò bà wọ́n. Bàbá mi dìde lọ sílé." Ràúdátù ò gbé ohùn sókè, ìyẹn ló sì ba Valentin lẹ́rù jù. "Oṣù mẹ́ta lo fi kọ́ mi lédè tí màá fi bú aláìṣẹ̀. Oṣù mẹ́ta tí ẹsẹ̀ bàbá mi ń jẹrà, o sì mọ ọ̀rọ̀ tó lè gbé e dé ibí. O ń bi mí kí ni mo jẹ. Irọ́ rẹ ni mo jẹ, Valentin."

"Kí ni kí n ṣe?"

"Ẹnu tó sọ ọ́ ni kó lọ sọ òdìkejì rẹ̀, lójú bàbá mi. Tèmi pẹ̀lú ẹ ti tán."

Lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Valentin gun alùpùpù rẹ̀ dé Sakété. Àlájì Ọ̀ṣẹ́nì wà níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láàárín àwọn ọkùnrin tí wọ́n jọ ti mọ́ṣáláṣí dé, ó na ẹsẹ̀ sórí àpótí. Valentin dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku, pẹ̀lú ẹ̀wù funfun, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ láìdín ọ̀rọ̀ kan. Ó ní òyìnbó ò bú ẹnikẹ́ni. Ó ní ẹnu òun ló bú wọn.

Àwọn ọkùnrin tó wà níbẹ̀ bínú gidigidi. Ẹnì kan ní kí wọ́n gba alùpùpù lọ́wọ́ rẹ̀. Àlájì gbé ọwọ́ sókè, gbogbo wọn dákẹ́.

"Àṣé òyìnbó ò mọ̀ mí rárá," ló wí. "Ọmọ Igana ló bú mi, ọmọ tí bàbá rẹ̀ lè ti ra epo lọ́wọ́ mi rí."

"Ó rà á rí, Bàbá. Ọ̀dọ̀ yín ni ìyá mi máa ń rán an sí."

Àlájì wò ó títí. "Lọ́la, ìwọ lo máa gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ọ̀hún lórí alùpùpù yẹn. Bó ṣe ń gbọ̀n mí lẹ́sẹ̀ lójú ọ̀nà, wàá máa gbọ́ ìkérora mi létí. Nǹkan tí wọ́n bá sì ní kí n máa jẹ, ìwọ náà wàá máa wá jẹ ẹ́ níbí lọ́sàn-án, nínú àwo kan náà. Iyọ̀ tí mi ò bá jẹ, o ò ní jẹ ẹ́. Títí màá fi sọ pé ó tó."

Àtọ̀gbẹ ni. Láti Pobè ni wọ́n ti tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, níbi tí wọ́n ti gé ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì kí wọ́n lè gba ẹsẹ̀ náà là. Dókítà ní bó bá jẹ́ oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n gbé e wá, bóyá wọn ì bá má gé nǹkan kan. Ràúdátù gbọ́ ọ. Kò gbàgbé ọ̀rọ̀ náà, kò sì fẹ́ gbàgbé rẹ̀.

Nígbà tí Àlájì padà délé, Valentin bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Lójoojúmọ́, bí oòrùn bá ti kan àtàrí, alùpùpù rẹ̀ á dún níwájú ilé, á gbé ẹ̀fọ́ tútù sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á fọwọ́, á jókòó sórí ẹní ní iwájú Àlájì. Ràúdátù á gbé àwo sáàárín wọn. Ẹ̀bà tí kò ju ẹ̀kúnwọ́ lọ, ọbẹ̀ gbòmán tí iyọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má dé, epo ṣíbí kan, ẹja kan ṣoṣo. Kì í wo ojú Valentin. Bí Valentin bá ní ẹ kúuṣẹ́, ògiri ló ń dáhùn.

Nílé Àlájì, bí àgbà àti ọmọdé bá jọ jẹun nínú àwo kan, ọmọdé kì í fọwọ́ kan ẹja. Nígbà tí oúnjẹ bá kù díẹ̀ ni àgbà á pín in, á sì ta ti ọmọdé sí iwájú rẹ̀. Àlájì ń dá ẹja náà jẹ. Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, oṣù kan lé. Valentin rù. Kò ráhùn, kò sì yẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, òjò ńlá bẹ̀rẹ̀ láti òwúrọ̀. Wọ́n ní omi ti gba ojú ọ̀nà, alùpùpù ò lè kọjá. Ọ̀sán pọ́n, kò sí Valentin. Ràúdátù gbé oúnjẹ fún bàbá rẹ̀.

"Gbé e padà," Àlájì wí.

"Bàbá, ẹ gbọ́dọ̀ jẹun lásìkò. Ara yín ò gba ebi."

"Mi ò lè dá jẹ ẹ́. Oúnjẹ yìí ò dùn rárá. Bí mo bá ti wo ojú ọmọ yẹn tó ń jẹ ẹ́, mo máa ń lè gbé e mì."

Ràúdátù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo òjò. Ó ń bínú, ó ń bú ọ̀nà, ó ń bú alùpùpù, ó ń bú ọkùnrin tí kò ní làákàyè tó lè máa bọ̀ nínú irú ọjọ́ báyìí. Ìgbà tó rí i tó ń bọ̀ láti òkèèrè, tó ń fẹsẹ̀ rìn, tó gbé ẹ̀fọ́ lórí, tí ẹrẹ̀ bò ó dé itan, ló bọ́ sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Ó wá mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ohun tó pè ní ìbínú ló jẹ́ ìbínú.

Valentin dé ẹnu ọ̀nà. "Ẹ má bínú. Mo fi alùpùpù sílẹ̀ níbi omi."

Ràúdátù gba ẹ̀fọ́ lórí rẹ̀. Ọjọ́ kọkànlélógójì nìyẹn tí kò ti bá a sọ̀rọ̀.

"Che cosa hai mangiato oggi?"

Omi òjò ń ṣàn lójú Valentin, bóyá kì í sì í ṣe òjò nìkan. "Niente," ó ní.

"Inú mi ò tíì rọ̀ o. Ìka méjì ni."

"Mo mọ̀."

"Ó máa pẹ́."

"Màá máa wá."

Ó fún un ní aṣọ gbígbẹ, ó sì gbé àwo wá. Àlájì àti Valentin jẹun láìsọ̀rọ̀. Nígbà tí ẹ̀bà kù díẹ̀, Àlájì mú ẹja. Ó fà á ya sí mẹ́ta. Ó ta ọ̀kan sí iwájú Valentin, ó fi ọ̀kan síwájú ara rẹ̀, ó fi ẹ̀kẹta sí etí àwo níbi tí ẹnikẹ́ni ò jókòó sí.

Valentin ò lè fọwọ́ kàn án. Ó kàn ń wò ó.

"Mangia," Àlájì wí. Jẹun.

Àwọn méjèèjì yíjú sí i lẹ́ẹ̀kan náà.

"Kí lẹ̀ ń wò? Oṣù mẹ́ta ni ọmọ mi fi ń pariwo rẹ̀ lẹ́yìn ògiri mi. Poco sale, poco sale. Mo mọ̀ pé kì í ṣe nítorí òyìnbó nìkan ló ṣe ń kọ́ ọ." Ó nu ọwọ́. "Ṣọ́ọ̀ṣì lò ń lọ, èyí ń kírun. Kó máa kírun rẹ̀, kí ìwọ náà máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ. Ṣùgbọ́n bó o bá tún fi ọ̀rọ̀ ara rẹ sẹ́nu ẹlòmíràn, màá fi ẹsẹ̀ tó kù fún mi yìí lé ọ jáde. Ọjọ́ wo ni àwọn ará Igana ń bọ̀ wá rí mi?"

"Ọjọ́ tí ẹ bá dá, Bàbá."

"Èmi kọ́, bi ọmọ mi tí wọ́n ń torí ẹ̀ bọ̀. Inú ṣì ń bí i."

Ràúdátù dúró, abọ́ omi lọ́wọ́. Ó wo ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ nínú báńdéèjì, ó wo ọkùnrin tó wọ aṣọ bàbá rẹ̀, tó fẹ̀ jù ú lọ. Inú ṣì ń bí i lóòótọ́. Ó gbé omi sílẹ̀, ó jókòó sí etí ẹní, ó sì mú ẹja tirẹ̀.